Ọmọ ọdún 15 tó ń mu kodíìnì: ṣé kí n gbé e kúrò nílé ni?

BàbáKubwa
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àbújá. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín, n kì í sábà dá sí i, ṣùgbọ́n èyí ti ju agbára mi lọ.

Àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, SS1 ló wà. Láti ọlidé tó kọjá ló ti yí padà. Ó ń pẹ́ níta, ojú rẹ̀ á wú, á sùn títí oòrùn á fi gòkè. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ká ìgò omi ikọ́ kodíìnì mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé ìwé, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, ó ti mú káàdì ATM ìyá rẹ̀, ó ti yọ owó níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bi í, ó jáde, kò wálé sùn.

Dei-Dei ni mo ti ń ta irin àti páànù. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Wuse. Àwa méjèèjì kì í délé kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Ìyàwó mi ní ká kó o lọ fún ìyá òun ní Ìkirè. Àbúrò mi ọkùnrin ní òun mọ ilé ìtọ́jú kan lójú ọ̀nà Kàdúná, wọ́n á gbà á fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lórí ba, á padà wá bí ọmọ èèyàn. Owó ọ̀hún wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà kan nínú méjèèjì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kó bá wọn.

Ògbójú_Lugbe
Bàbá, ẹ má fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà tiwa, ta ló jẹ́ mú káàdì ìyá ẹ̀? Bàbá mi á ti fi pankẹ́rẹ́ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti kó o níjàánu, ẹ̀yin náà á rí oorun sùn.

Àdùkẹ́_Kàdúná
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá owó yẹn padà sápò. Kàdúná níbí ni mò ń gbé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni ọlọ́pàá ya wọ ilé kan ní Rigasa, èèyàn tó lé ní 300 ni wọ́n kó jáde, ọmọdé àti àgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Òbí àti ẹ̀gbọ́n ló fọwọ́ ara wọn kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, torí wọ́n ní ọmọ náà ń ya pòókíì. Kò pẹ́ tí wọ́n tún tú irú rẹ̀ ká ní Daura. Kẹ́nikẹ́ni má sì wá sọ pé ti àwọn Hausa nìyẹn o. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ní Òjòó, Ìbàdàn, èèyàn 259 ni wọ́n tú sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun á tẹ ọmọ yín lórí ba, ẹ bi í pé kí ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í pé ṣé ẹ lè wá wò ó lọ́jọ́ tó bá wù yín láì kọ́kọ́ pè. Ibi tí wọ́n bá ti ní "ẹ má wá fún oṣù kan, kára rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀", ẹ sá.

Ọmọ_Jos
Ẹ káàárọ̀ sà. Nǹkan bí èyí ni wọ́n ṣe fún mi, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Jos ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí wọ́n ní ẹgbẹ́ tí mò ń kó ò dáa, wọ́n kó mi lọ fún ìyá àgbà nílé.

Ìyá àgbà fẹ́ràn mi gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti ń dùn wọ́n, wọn ò lè rìn dé ìta gbangba. Ohun tí mò ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ní Jos, ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbangba ni mo ti ń ṣe é. Yorùbá mi ní Hausa nínú, "Gàm̀bàrí" ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò fi mí rẹ́rìn-ín ni àwọn tó ń mu igbó lẹ́yìn gáréèjì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ?

Nígbà tí mo padà sí Jos, ilé ti mọ́ ara rẹ̀ lára láìsí mi. Kò sẹ́ni tó bú mi. Àbúrò mi obìnrin gbé omi tútù fún mi, ó kúnlẹ̀ bíi pé àlejò ni mí. Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ. Ó ti pẹ́, mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mi ò mu nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n títí dòní mi ò mọ ohun tí èmi àti bàbá mi máa ń sọ tá a bá wà ní àwa méjì.

Ògbójú_Lugbe
@Ọmọ_Jos, ó ṣáà yọrí sí rere. O ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ_Jos
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Mo ti dé ibi tí mo dé. Ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀ ni mò ń sọ.

Àǹtí_Mararaba
Ẹ kú ìdààmú, Bàbá. Ọlọ́run á bá wa dá sí i.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí láàárín Nyanya, Mararaba àti Jikwoyi: àwọn ọ̀dọ́langba tí ilé ti fẹ́ lé jáde, tàbí tí àwọn fúnra wọn ti fẹ́ sá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń pè mí: "Àǹtí, ẹ wá mú un, ẹ bá mi tún un ṣe, kẹ́ ẹ wá dá a padà." N kì í mú ọmọ. Ilé ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá tún ọmọ ṣe níta, tẹ́ ẹ dá a padà sínú ilé tí nǹkan kan ò yí padà nínú rẹ̀, oṣù yẹn ò ní parí tẹ́ ẹ ó tún fi pè mí.

Ẹ padà wo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ ń délé. Ilé ìwé ń jáde láago méjì. Wákàtí mẹ́fà gbáko lójoojúmọ́, ọmọ ọdún 15 ni àgbà inú ilé. Mi ò fi bú yín o. Ẹni tó ń gbé Kubwa tàbí Mararaba mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń pinnu ìgbà téèyàn á délé. Ṣùgbọ́n kó tó kan Ìkirè tàbí ojú ọ̀nà Kàdúná, wákàtí mẹ́fà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ wọ ilé kan, mi ò ní dárúkọ oògùn rárá. Màá ní kí wọ́n fún mi ní bébà kan, a ó fa ìlà, a ó to aago sí i láti ìgbà tí wọ́n ń jí dìgbà tí wọ́n ń sùn, a ó wá kọ ẹni tó wà nílé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé ló máa dá sí i, àní èyí tó kéré jù. Ìdílé kan wà ní Mararaba, yàrá kan àti pálọ̀, ìyá ń ta ẹja gbígbẹ ní Orange Market. Nígbà tá a kọ ọ́ tán, ọmọ náà, ọmọ ọdún 16, naka sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Àsìkò yìí lebi máa ń pa mí jù." Ìyá rẹ̀ ní ṣebí òun ń fowó sílẹ̀. Ó ní owó ọkọ̀ ló ń jẹ ẹ́ tán láti àárọ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan ń se Indomie lẹ́yìn ilé wọn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun alẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fún un ní igbó. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbé e débẹ̀. Láti oṣù mélòó kan ni ìyá yẹn ti ń gbààwẹ̀ lórí ẹgbẹ́ búburú.

A ò ṣe nǹkan bàbàrà. Ìyá ń se oúnjẹ sílẹ̀ lálẹ́, màmá Gbagyi tó wà ní yàrá kejì ń bá wọn tọ́jú ìkòkò. Láago mẹ́rin, ìyá á pe ọmọ lórí fóònù, kì í ṣe láti bi í pé níbo lo wà, láti kí i ni. Ọ̀sán, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Kò di wòlíì o. Ó ṣì mu igbó lẹ́yìn ìgbà yẹn, a sì jà sí i. Ṣùgbọ́n ilé ló ń sùn.

Nǹkan kejì: ẹ má ṣe ìwádìí lẹ́nu ọ̀nà. Bí bàbá bá ti Dei-Dei dé láago mẹ́jọ, eruku lójú, ebi nínú, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ATM, ìjà ni yóò dà. Ẹ jẹun. Ẹ wẹ̀. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Ẹ dá ọjọ́ sí i, kó mọ̀ pé Sunday lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la ó sọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà lóòótọ́.

Nǹkan kẹta, ẹ pe ẹbí. Mi ò ní kẹ́ ẹ pe gbogbo ayé wá dójú tì í. Ẹni mẹ́rin márùn-ún tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá lè dárúkọ. Ní New Zealand, láti ọdún 1989 ni òfin wọn ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kí wọ́n kó ẹbí jọ kí adájọ́ tó pinnu ibi tí ọmọ bẹ́ẹ̀ máa gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba á ṣàlàyé tán, á jáde kúrò nínú yàrá, á fi ẹbí nìkan sílẹ̀ kí wọ́n jọ wá ojútùú. Ọ̀dọ̀ àwọn Màórì, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ti rí i kọ́.

Ògbójú_Lugbe
Hà, ìpàdé mọ̀lẹ́bí náà kọ́ nìyẹn? Òyìnbó á gba ilẹ̀ tán, á tún wá gbàṣà.

Àǹtí_Mararaba
Òun ni, ẹ̀gbọ́n. Àwa la wá pa tiwa tì tá à ń wá ilé tí wọ́n ti ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Kódà ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Tacoma, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1974 ń rán òṣìṣẹ́ lọ sínú ilé fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n lè pè é lóru. Òṣìṣẹ́ kan kì í mú ju ìdílé méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àwọn Welfare tiwa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìdílé, fáìlì kún tábìlì, owó ọkọ̀ ò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹbí gan-an ni òṣìṣẹ́ tá a ní.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé o, èyí ṣe pàtàkì. Kì í ṣe gbogbo ilé ló yẹ kọ́mọ dúró sí. Bí ẹnì kan bá ń fọwọ́ kan ọmọ nínú ilé, tàbí tí wọ́n ń nà án débi ẹ̀jẹ̀, mi ò ní pèpàdé kankan, ọmọ yẹn máa kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní FCT, ìyẹn Àbújá, òfin VAPP ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá wà, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ló ń bójú tó o.

BàbáKubwa
Àǹtí, ẹ ṣé, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé èmi ni mo ra kodíìnì fún un. Bí mi ò bá lọ Dei-Dei, ta ló máa sanwó ilé ìwé? Ìyá rẹ̀ ò lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́fà tẹ́ ẹ sọ yìí, ibo ni kí n ti rí i?

Ìyá_Ìbejì_Bwari
Ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé. Ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiwa.

Alájà_Dei-Dei
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ ò mọ Dei-Dei. Àwọn tó ń já irin lẹ́yìn tírélà, tírámọ́ (tramadol, oògùn ara ríro tó le) lọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò lè mú ọmọ tó ń mu kodíìnì lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ gbé e sá fún oògùn. Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀. Àfi tó bá máa jókòó ti ìwé ìṣirò nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tójú yín á ti tó o.

Apòògùn_Gwagwalada
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti oògùn yẹn. Láti ọdún 2018 nìjọba ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ tó ní kodíìnì àti kíkó o wọlé. Èyí tọ́mọ yín ń rà, ẹ̀yìn ilé ló ti ń wá, ó sì wọ́n. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ rọra wádìí ọ̀rọ̀ ATM yẹn: ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jí owó, gbèsè ni wọ́n jẹ. Ẹ bi í pé ta ló jẹ lówó. Bí gbèsè bá wà, tẹ́ ẹ bá ń nà án lórí owó, ẹ̀yin àti ẹni tó jẹ lówó ẹ jọ ń lépa ẹ̀ ni, ó sì dájú pé ẹ̀yin ló máa sá fún.

Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń mu ún, ẹ má tì í mọ́lé kẹ́ ẹ ní kó gbà á lára. Á máa làágùn, ara á ro ó, á máa ṣu ìgbẹ́ gbuuru, kò ní rí oorun sùn. Bí wọ́n bá ń fi tírámọ́ là á, gìrì lè gbé e. Ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ wà nílé ìwòsàn Yunifásítì níbí ní Gwagwalada, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Barnawa, Kàdúná. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ lè pè tọ̀sán-tòru, 0800 1020 3040. Ìmọ̀ràn lẹ ó gbà lórí ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kójú tì yín jù. Nínú ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba, àti UNODC, àjọ UN tó ń rí sí oògùn olóró, gbé jáde ní 2019, nǹkan bí ẹnì kan nínú èèyàn méje, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ilé aládùúgbò yín náà wà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Garki
Ẹnì kan máa tó dárúkọ Borstal, ilé àtúnṣe ìjọba fún ọ̀dọ́ tó bá rú òfin, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Mẹ́ta ló wà: Kàdúná, Ganmo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlọrin, àti Abẹ́òkúta. Ilé ẹjọ́ ló ń rán ọmọ lọ, ẹni tó ti pé ọdún 16 tí kò tíì pé 21 sì ni òfin rẹ̀ wà fún. Ọmọ yín ò tíì tó.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 ló ń ṣiṣẹ́ ní FCT. Ẹni tí kò bá tíì pé 18, ọmọdé ni. Òfin náà fòfin de kéèyàn fi ìyà oró jẹ ọmọ, ó sì ní a kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ lọ sẹ́wọ̀n. Ó dá Family Court, ilé ẹjọ́ ìdílé, sílẹ̀ níbi tí wọn kì í ti gba èrò ìta wọlé. Ilé tó wà lójú ọ̀nà Kàdúná yẹn, bí wọ́n bá ṣe ọmọ yín léṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó náà máa ní àlàyé láti ṣe.

Ògbójú_Lugbe
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kò ní jìyà kankan ni? Ó jalè o!

Àǹtí_Mararaba
Á san án padà, ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Fóònù rẹ̀ á máa sùn lọ́dọ̀ ìyá láti aago mẹ́sàn-án. Mò ń fẹ́ kí òbí náà kọ tiwọn sínú bébà kan náà: bàbá ò ní máa pè é ní olè níṣojú àwọn àbúrò rẹ̀. Ibi tí àdéhùn bá ti jẹ́ ti ọmọ nìkan, kì í pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá_Ìbejì_Bwari
Ẹ dákun, ṣé ẹnikẹ́ni ti bi ọmọ náà?

BàbáKubwa
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo bi í.

Mo ṣe ti bébà tí Àǹtí sọ. Ìyá rẹ̀ ló fa ìlà. Àkọ́bí mi kọ́kọ́ dijú mọ́rí, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń kọ orúkọ: "Aago mẹ́ta, èmi àti bọ̀ọ̀dá. Aago mẹ́rin, èmi àti Kẹ́hìndé, bọ̀ọ̀dá ti jáde." Nígbà tó dé aago márùn-ún, àkọ́bí mi wá béèrè pé, "Ṣé ká kọ Bọ̀ọ̀dá mi sí i?" Àbúrò mi ọkùnrin ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé kó tó gbéyàwó, kó tó kó lọ sí Lafia nígbà ọlidé. Òun ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án, wọ́n á jọ wo bọ́ọ̀lù, á bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Òun kan náà ló ní ká gbé e lọ sójú ọ̀nà Kàdúná.

Ti gbèsè, òótọ́ ni. Ó jẹ owó. Mi ò tíì mọ iye rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kí n má fi ipá bi í.

Ọmọ_Jos
Ẹ pe bọ̀ọ̀dá yẹn sà. Lónìí.

Àǹtí_Mararaba
Òun gan-an lẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa pè sípàdé. Ẹ má sọ fún un lórí fóònù pé "wò ó, ìwọ lo fà á", kò ní wá. Ẹ ní ọmọ dárúkọ rẹ̀. Lafia sí Kubwa ò jìnnà débi tí kò fi lè máa wá lọ́jọ́ Sátidé kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì máa pè é láàárín ọ̀sẹ̀. Ti ìyá àgbà Ìkirè náà, ẹ fi wọ́n sórí fóònù kí wọ́n gbàdúrà, kínú wọn má bàjẹ́ pé wọ́n ò fún àwọn lọ́mọ.

Ẹ ṣì nílò dókítà o. Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe oògùn.

BàbáKubwa
Mo ti pè é. Ó dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó ń bọ̀ ní Sátidé. Mọ́ńdè la máa lọ Gwagwalada.

Ìyá_Àríkẹ́_Mpape
Ẹ jọ̀wọ́, Àǹtí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Obìnrin ni tèmi, ọmọ ọdún 14. Kì í mu nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Dutse Alhaji, wọ́n ní wọ́n ń rí i nínú mọ́tò ọkùnrin kan. Ọkọ mi ti ní tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó má padà wá. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Àǹtí_Mararaba
Màmá, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ọkọ yín ò tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí. Ọmọ tí wọ́n ní kó má padà, ọkùnrin oní-mọ́tò yẹn nìkan ló kù tó máa gbà á. Ó dáa kó mọ̀ pé ìgbàkígbà tó bá kanlẹ̀kùn, ẹ máa ṣí i, ìjà á dúró dọ̀la.

Ẹ sọ fún mi nínú ìnbọ́ọ̀sì, ẹ má kọ ọ́ síbí: ta lẹ jọ ń gbé nínú ilé yàtọ̀ sí ọkọ yín àtàwọn ọmọ, ibo ni ọmọ náà sì ń sùn? Kó tó sá nígbà àkọ́kọ́, ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni? Ẹ má bi í lójú gbogbo ilé o. Mo wà ní Mpape lọ́la, màá kọjá lọ́dọ̀ yín tó bá tó aago mẹ́rin.